Yìnyín Oṣù Keje

Ilé Ògúnṣínà,
Ẹ̀yìn Ṣọ́ọ̀ṣì,
Ìkọ̀yà, lẹ́bàá Okitipupa.
Ọjọ́ kejìdínlọ́gbọ̀n, oṣù kẹta, 1971.

Ìyá Olúmidé, Bọ́lánlé ọ̀rẹ́ mi tòótọ́,

Mo kí ọ kú ọjọ́ mẹ́ta, ọjọ́ mẹ́ta tó ti di oṣù mẹ́jọ. Mo kí ọ kú ewu ọmọ. Mo bẹ Ọlọ́run kí ìwé yìí bá ọ nínú àlàáfíà, kí ó bá oúnjẹ lẹ́nu rẹ àti oorun lójú rẹ. Bí o bá ń bèèrè tèmi, mo wà. Mo ń jí, mo ń wẹ̀, mo ń lọ sóko, mo ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ Ìsinmi. Ẹni tó bá pàdé mi lọ́nà á ní ara mi le. Jẹ́ ká fi tèmi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ ná.

Benedict, ọmọ ìlú wa tó ń ṣiṣẹ́ pẹ̀lú àwọn tó ń wa kùsà nílẹ̀ ní Bùkúrù lọ́dọ̀ yín, wá sílé lọ́sẹ̀ tó kọjá láti sin bàbá rẹ̀. Òun ló sọ fún mi pé o ti bímọ láti oṣù kìíní, pé obìnrin ni, pé Títíladé lẹ sọ ọ́. Mo na ọwọ́ mi méjèèjì sókè, mo dúpẹ́. Mo rí i pé Benedict ń wolẹ̀. Mo bi í pé kí ló dé. Ó ní, “Ìyá Péjú, ẹ má bínú, mi ò mọ̀ bóyá ó yẹ kí n sọ ọ́. Ìyá Olúmidé kì í fẹ́ gbé ọmọ náà. Tó bá ti fún un lọ́mú tán, á gbé e fún bàbá rẹ̀, á lọ jókòó sí kọ̀rọ̀. Bí ojú ọ̀run bá ti ń ṣú, á ti gbogbo ilẹ̀kùn. Olúmidé pàápàá kì í jáde ṣeré mọ́. Ó ti sọ fún ọkọ rẹ̀ pé kó gbé ọmọ náà lọ fún ìyá òun ní Ọ̀fà, pé ọmọ ọlọ́mọ kú lọ́wọ́ òun, kò yẹ kí wọ́n tún fún òun ní òmíràn tọ́.”

Ọ̀rọ̀ yẹn ni mo gbé sùn, òun náà ni mo gbé jí. Ìdí tí mo fi mú kálámù nìyí. Láti ìgbà tí a ti kúrò ní Bùkúrù, mi ò kọ̀wé sí ọ, ìwọ náà ò kọ sí mi. Èmi rò pé ìwọ ni kò fẹ́ gbọ́ ohùn mi. Bóyá ohun tí ìwọ náà ń rò nípa mi nìyẹn. Mo fẹ́ kí o jẹ́ kí n sọ gbogbo rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, títí kan èyí tí ojú tìrẹ náà rí, kí o lè mọ bí mo ṣe gbé e sínú.

O rántí ọdún 1961 tí èmi àti Ògúnṣínà sọ̀kalẹ̀ nínú rélùwéè ní Bùkúrù. Èmi tí mo dàgbà ní Ìkọ̀yà, tí èèyàn lè gbẹ́ ilẹ̀ títí kó má kan òkúta kan, tí òjò wa lọ́ wọ́ọ́rọ́ bí omi ìwẹ̀ ọmọ, ni mo ṣàdédé bá ara mi lórí òkè tó jẹ́ pé òkúta ni nísàlẹ̀, òkúta ni lókè, òtútù ni láàárín. Yàrá tó kọjú sí tiyín ni wọ́n fún wa. Ìwọ lo kọ́kọ́ fún wa ní aṣọ ìbora. Nígbà tí mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ pẹ̀lú ẹnu Ìkálẹ̀ mi, o wò mí, o ní, “Ṣé Yorùbá lò ń sọ ni, àbí Ìjọ́?” Èmi náà ní ṣé ti Ọ̀fà yín ló wá dára jù. A rẹ́rìn-ín títí Oyèkànmí ọkọ rẹ fi jáde wá wò wá. Ọjọ́ yẹn ni ìwọ àti èmi bẹ̀rẹ̀.

Ní oṣù kẹrin ọdún kejì ni mo kọ́kọ́ rí yìnyín yín. Ní Ìkọ̀yà níbí, ọ̀pọ̀ ọdún lè kọjá kí yìnyín tó bọ́. Tó bá sì bọ́, kò ju wóró àgbàdo lọ. Àwa ọmọdé á gbé abọ́ jáde, a óò máa sáré ṣà á jẹ, àwọn àgbà á máa rẹ́rìn-ín. Nítorí náà, nígbà tí mo gbọ́ pàá pàá lórí páànù, mo gbé abọ́, mo ń sáré jáde bí ọmọ ọdún mẹ́jọ. Ìwọ lo di aṣọ mi mú lẹ́yìn, tí o fà mí wọlé tó bẹ́ẹ̀ tí mo fi jókòó sílẹ̀. Mo fẹ́ bínú. Lẹ́yìn náà ni mo rí ohun tó ń bọ́. Ó tó ẹyin ẹtù. Nígbà tó dá, àgùntàn mẹ́ta ló kú sí ìdí ọgbà oró ẹlẹ́gùn-ún tó yí ilé ká, gbogbo ewé igi máńgòrò sì ti bọ́ sílẹ̀ bí ẹni fi àdá gé e. Ẹ̀rù bà mí. O ní, “Ìyá Ìkálẹ̀, kì í ṣe èyí tẹ́ ẹ ń jẹ nílé yín nìyí.”

Kaneng, ìyá àgbà kan nínú àwọn Bírọ́ọ̀mù tó ni ilẹ̀ ibẹ̀, tó ń ta ẹ̀fọ́ lẹ́yìnkùlé wa, ló kọ́ wa ní ìwà yìnyín. Ó fi Haúsá rẹ̀ tó ń fà díẹ̀díẹ̀ ṣàlàyé fún wa. Ó ní ẹ̀ẹ̀mejì ló máa ń wá lọ́dún, nígbà òjò àkọ́rọ̀ àti nígbà tí òjò bá ń palẹ̀mọ́ lọ. Ó ní kì í wá láàárọ̀. Ó máa ń dúró kí oòrùn kọ́kọ́ sun àwọn àpáta gbóná dáadáa. Ìkùukùu á ti ọ̀nà ìlà oòrùn gun orí òkè bọ̀, inú rẹ̀ á dúdú, ìsàlẹ̀ rẹ̀ á ní àwọ̀ ewé díẹ̀ bí ìkòkò bàbà tó ti pẹ́. Afẹ́fẹ́ á dá pátápátá, àwọn ẹyẹ á dákẹ́, òtútù á wá ṣàdédé fẹ́ sí èèyàn lẹ́sẹ̀. Ó ní kì í bo gbogbo ilẹ̀. Ó máa ń gba ojú ọ̀nà tóóró kan ni, bí ẹni tó ń lọ sílé ẹnì kan pàtó. Á ba oko ẹni yìí jẹ́ tán, kò ní fọwọ́ kan oko aládùúgbò rẹ̀. Ó sì ní tí òjò bá ti fìdí múlẹ̀ ní oṣù kẹfà sí oṣù kẹjọ, kí a fọkàn balẹ̀, òjò jẹ́jẹ́ nìkan ló kù.

A mú ọ̀rọ̀ Kaneng lò. Ọdún mẹ́jọ ni mo fi rí i pé bó ṣe sọ ọ́ gan-an ló ń rí. Ní oṣù kẹrin, a kì í jẹ́ kí ọmọ kankan jìnnà sílé lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán. Ìwọ lo máa ń gbójú sókè jù wá lọ. Mo rántí ìgbà tí o sáré dé ilé ẹ̀kọ́ fúnra rẹ láti lọ kó Olúmidé àti Péjú, tí tíṣà ń fi ọ́ rẹ́rìn-ín, tí ẹ kò tíì wọlé tán tí ilẹ̀ fi funfun. Mo ń rán ọ létí kí o má baà gbàgbé irú ẹni tí o jẹ́ kó tó di ọjọ́ yẹn.

Péjú mi kò mọ Ìkọ̀yà rí. Bùkúrù la bí i sí ní 1963, Bùkúrù ló ti kọ́ ọ̀rọ̀ sísọ. Ọ̀rọ̀ ilé kan ṣoṣo tó mọ̀ ni “iye”, bí a ṣe ń pe ìyá níbí. Èmi ló ń pè ní Iye, ìwọ náà ló ń pè ní Iye. Tó bá dúró láàárín àgbàlá tó ké “Iye”, àwa méjèèjì la ó dáhùn, á wá yan èyí tó fẹ́. Lọ́jọ́ tí mo bá nà án, ọ̀dọ̀ rẹ ló ń sùn. Lọ́jọ́ tí ìwọ bá nà án, á wá sọ́dọ̀ mi, ṣùgbọ́n kì í fẹjọ́ rẹ sùn mí.

Ní báyìí, mo ti dé ibi tí ọ̀rọ̀ wà. Ọjọ́ Sátidé ni, ní oṣù keje ọdún tó kọjá. Òjò wínníwínní ti rọ̀ fún ọ̀pọ̀ ọjọ́ láìdá, gbogbo aṣọ ti ń rùn, oòrùn wá yọ láàárọ̀ ọjọ́ náà bí ẹni pé wọ́n rán an sí wa. Gbogbo ilé fọṣọ. Ibà mú Olúmidé, ó sùn sínú yàrá. Mo fẹ́ lọ sí Jọ́ọ̀sì lọ gba àwọn kẹ́ẹ̀gì epo tí wọ́n fi ọkọ̀ gbé wá fún mi láti ilé. Mo bi Péjú bóyá á bá mi lọ. Ó ní rárá, òun fẹ́ dúró ti Iye kí òun lè máa fẹ́ abẹ̀bẹ̀ sí Olúmidé lára. Mo ní kó má dà ọ́ láàmú. Ohun tí mo bá a sọ gbẹ̀yìn nìyẹn.

Jọ́ọ̀sì kò jìnnà, ìwọ náà mọ̀. Ṣùgbọ́n oòrùn ló wà níbẹ̀ ní gbogbo ọ̀sán yẹn. Mo gba epo mi, mo ra búrẹ́dì, mo bá àwọn obìnrin mìíràn wọ lọ́rì. Nígbà tí a dé ibi tí ọ̀nà ti gun òkè kékeré yẹn, tí a lè rí Bùkúrù lókèèrè, obìnrin kan nawọ́, ó ní ká wò ó. Ojú ilẹ̀ kan wà lọ́hùn-ún tó funfun báláú, tó ń tàn nínú oòrùn bí ẹni tẹ́ aṣọ sílẹ̀. Gbogbo wa dìde nínú ọkọ̀ láti wò ó. Ìyá Olúmidé, mo ní ó dára. Ẹnu mi ni mo fi sọ ọ́. Mo ní, “Ó mà dára o, bí òwú.”

Nígbà tí lọ́rì dé ìsàlẹ̀, apá ọ̀tún ọ̀nà tutù yọ̀yọ̀, ewé àgbàdo dúró lórí igi rẹ̀. Apá òsì ni gbogbo nǹkan ti wó, tí yìnyín ga dé kókósẹ̀. Apá òsì ni ilé wa wà. Mo sọ̀kalẹ̀ láìgbé epo. Mo rí àwọn èèyàn lẹ́yìnkùlé. Wọ́n yà fún mi lọ́nà. Kò sí ẹni tó sọ ohunkóhun fún mi, àfi ìwọ. O jókòó sílẹ̀ nínú omi, orí rẹ wú níbi mẹ́ta, ọwọ́ rẹ méjèèjì ń ṣẹ̀jẹ̀ nítorí ọwọ́ lásán lo fi gbé páànù kúrò. O wò mí, o ní, “Èmi ni mo rán an. Mo ní kó lọ ká aṣọ.”

Àwọn mìíràn ló sọ ìyókù fún mi. Ìkùukùu tó yọ kò jọ ti yìnyín. O rò pé òjò wínníwínní ọjọ́ gbogbo ló tún fẹ́ rọ̀ sí aṣọ. O wà lẹ́bàá iná pẹ̀lú àgbo Olúmidé, o ní kí Péjú sáré lọ ká aṣọ wọlé. Ó ti ká gbogbo rẹ̀ tán kí yìnyín tó dé. Ó rí i pé àtíbàbà tí Kaneng ti ń ta ẹ̀fọ́ sún mọ́ òun ju ilé lọ, ó sá wọ abẹ́ rẹ̀, bí ọmọ tó lọ́gbọ́n ṣe máa ṣe. Yìnyín rọ́ jọ sórí páànù àtíbàbà náà, ìjì wá tì í, òpó kan ṣẹ́, gbogbo rẹ̀ wó lé ọmọ náà. Nígbà tí wọ́n gbé e jáde, ó ṣì fi apá méjèèjì di aṣọ mọ́ àyà, kò jẹ́ kí ọ̀kankan kan ilẹ̀. Kaneng pàápàá, tó kọ́ wa ní ìwà yìnyín, ti so ewúrẹ́ rẹ̀ síta lọ́jọ́ yẹn, ó sì ti lọ sóko. Gbogbo ewúrẹ́ náà ló kú. Ó padà dé, ó jókòó tì mí, ó ń sọ ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ní Haúsá léraléra, pé oṣù keje ni, oṣù keje ni.

Àwọn àgbà kò jẹ́ kí èmi àti Ògúnṣínà tẹ̀ lé òkú ọmọ wa. Bí àṣà wa ṣe rí nìyẹn, mi ò bínú sí wọn. Oyèkànmí àti àwọn ọkùnrin ilé ló gbé e lọ. Mi ò mọ ibi tó sùn sí. Bí ìwọ bá mọ̀ ọ́n, má ṣe sọ ọ́ fún mi. Ṣùgbọ́n bí ẹsẹ̀ rẹ bá gba ibẹ̀ kọjá, kí o bá mi kí i.

Oṣù yẹn kò tíì parí tí Ògúnṣínà fi ní a ń lọ. Ó ní, “Ilẹ̀ tí òkúta wà nísàlẹ̀, tí òkúta tún ń tòkè bọ̀, kì í ṣe ilẹ̀ tí èèyàn ń gbé.” Kò dágbére fún Oyèkànmí, kò sì jẹ́ kí èmi dágbére fún ọ. O dúró lẹ́nu ọ̀nà yàrá yín nígbà tí a ń kó ẹrù, o fi ìbòrí bo ojú. Mo rí ọ. Ẹsẹ̀ mi ló wúwo. Kì í ṣe ọkàn mi.

Níbí, wọ́n gbà wá tọwọ́tẹsẹ̀. Ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó ń pè mí ní Ìyá Péjú. Wọ́n rò pé ojúrere ni wọ́n ń ṣe fún mi. Wọ́n ń pè mí ní Àìná, bí ẹni pé mi ò kúrò nílé bàbá mi rí, bí ẹni pé mi ò bímọ rí. Benedict nìkan ni ẹnu rẹ̀ ṣì gbà á.

Mo ní láti sọ èyí fún ọ, nítorí ó lè ti dé etí rẹ. Bàbá Ẹkúndayọ̀, àbúrò bàbá ọkọ mi, pe wá jókòó ní oṣù kejìlá. Ó ní òun kò gbọ́ ọ rí láyé òun pé omi dídì pa èèyàn. Ó ní, “Ẹni tó rán ọmọ ọlọ́mọ síta nígbà tí ọmọ tirẹ̀ sùn sínú ilé, ó ní ohun tó mọ̀ níbẹ̀.” Wọ́n fẹ́ kí n gbà bẹ́ẹ̀ kí wọ́n lè mọ ohun tí wọn yóò ṣe. Mo kúnlẹ̀, mo ní, “Bàbá, tó bá jẹ́ èmi ni mo wà nílé lọ́jọ́ náà, tí aṣọ wà lórí okùn, èmi ni ǹ bá rán an.” Mo tún un sọ lẹ́ẹ̀kejì kí gbogbo wọn lè gbọ́. Wọ́n tú ká. Kò sí ẹni tó dá ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀ mọ́, ó kéré tán lójú mi.

Ọkọ mi wà ní ìjókòó yẹn. Mi ò ní purọ́ fún ọ pé inú rẹ̀ ti rọ̀ sí ọ. Ó ti sọ ọ̀rọ̀ tó burú nípa rẹ nígbà tí ìbànújẹ́ ṣẹ̀ṣẹ̀ mú un. Ṣùgbọ́n mo fẹ́ kí o rántí ẹni tó kọ́ àtíbàbà Kaneng. Ògúnṣínà ló kọ́ ọ, Oyèkànmí sì bá a di òpó mú. Fún òjò ọjọ́ gbogbo ni wọ́n kọ́ ọ, ó sì dúró dáadáa fún òjò ọjọ́ gbogbo. Kápẹ́ńtà tó dára ni ọkọ mi, àwọn èèyàn láti Igbotako àti Ode-Irele ń wá a wá. Láti ìgbà tí a ti dé, kò gba iṣẹ́ òrùlé kankan. Ó ń kan ilẹ̀kùn, ó ń kan àga, ó ń kan pósí. Tí wọ́n bá ti ní kó wá kan òrùlé, á ní ẹ̀yìn ń dun òun. Kò sọ ìdí rẹ̀ fún mi, mi ò sì bi í. Abà oko ló máa ń wà lọ́pọ̀ ọjọ́. Mo mọ̀ pé nígbà tó ń dá ọ lẹ́bi, kì í ṣe ìwọ nìkan ló ń dá lẹ́bi.

Láti ọjọ́ tí a ti kúrò lọ́dọ̀ yín, omi kò jáde lójú mi. Ìyá ọkọ mi rò pé mo le lọ́kàn. Lẹ́yìn náà ni yìnyín bọ́ ní Ìkọ̀yà, ọ̀sẹ̀ méjì sẹ́yìn, pẹ̀lú òjò àkọ́rọ̀. Mo wà lẹ́yìnkùlé, mo ń tò pupuru, oúnjẹ tí àwa ń fi ẹ̀gẹ́ ṣe, sórí àjà iná kí ó lè gbẹ. Mo gbọ́ pàá lórí páànù. Kí n tó mọ ohun tí mò ń ṣe, mo ti wà láàárín ọ̀nà. Àwọn ọmọ ti jáde pẹ̀lú abọ́ wọn, wọ́n ń pariwo ayọ̀. Mo gbá wọn mú, mo ń wọ́ wọn lọ sínú ilé lọ́kọ̀ọ̀kan, mo gbá ọ̀kan lójú, mo ń pariwo pé kí wọ́n wọlé. Àwọn àgbà jáde, wọ́n ń wò mí. Yìnyín náà kò ju wóró àgbàdo lọ. Kò pẹ́ tó fi dá.

Mo jókòó sẹ́nu ọ̀nà, ojú ń tì mí. Ọmọ kékeré kan, Ìbítáyọ̀, ọmọ aládùúgbò wa, èyí tí mo gbá lójú gan-an, ló tọ̀ mí wá pẹ̀lú abọ́ rẹ̀. Ó ní, “Ìyá, ẹ gba tiyín.” Ó da díẹ̀ sí mi lọ́wọ́. Mo di í mú. Ó tutù, ó kéré. Mo ń wò ó títí ó fi di omi, tí omi náà gba àárín ìka mi lọ. Ìgbà yẹn ni ẹkún tó wá mi, Bọ́lánlé. Mo sunkún tó bẹ́ẹ̀ tí ọmọ náà fi sá lọ pe ìyá ọkọ mi. Ìyá náà jókòó tì mí lórí ilẹ̀ẹ́lẹ̀, kò ní kí n dákẹ́. Ó kàn pe orúkọ ọmọ mi. Ó ní, “Adépéjú.” Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ló pè é. Kò rí i rí láyé.

Ẹ̀yìn ìyẹn ni Benedict dé pẹ̀lú ìròyìn rẹ. Jẹ́ kí n wá sọ ohun tó mú mi kọ̀wé. Ìwọ ń sọ pé ọmọ ọlọ́mọ kú lọ́wọ́ rẹ. Ta ló sọ fún ọ pé ọmọ ọlọ́mọ ni? Wo bí a ṣe ń ṣe ní ilẹ̀ Yorùbá, ní Ọ̀fà tiyín àti ní Ìkálẹ̀ tiwa. Àlejò la kì í rán níṣẹ́. Ọmọ tí kì í ṣe tiwa, a máa ń fún un lóúnjẹ, a óò ní kó jókòó. Ọmọ ẹni la ń rán. Péjú dìde nígbà tí o rán an, kò kùn, kò ní kí Olúmidé lọ, nítorí Iye ló rán an. O pàdánù ọmọ lọ́jọ́ yẹn gẹ́gẹ́ bí èmi náà ṣe pàdánù ọmọ. Kò sí ẹni tó kí ọ kú ìrọ́jú. Èmi ni mo ń kí ọ báyìí. Bọ́lánlé, kú ìrọ́jú ọmọ wa.

Mi ò lè padà wá sí Bùkúrù. Ojú mi kò lè wo òkè wọ̀nyẹn mọ́, mi ò sì mọ ìgbà tí yóò lè wò wọ́n. Mi ò ní sọ fún ọ pé yóò san fún wa. Títí di òní, kí n tó ká aṣọ lórí okùn, mo máa ń kọ́kọ́ wo ojú ọ̀run. Ṣùgbọ́n Títíladé kò mọ nǹkan kan nípa oṣù keje. Jọ̀wọ́, má gbé e lọ sí Ọ̀fà. Gbé e síta kí oòrùn àárọ̀ kan ara rẹ̀. Jẹ́ kí Olúmidé lọ bá ẹgbẹ́ rẹ̀ ṣeré. Tí ọmọbìnrin yẹn bá sì ti dàgbà tó ẹni tí ń rìn, tó gbọ́ ọ̀rọ̀, rán an níṣẹ́. Rán an lọ bu omi, rán an lọ ra iyọ̀, rán an lọ ká aṣọ. Yóò máa bà ọ́ lẹ́rù. Rán an bẹ́ẹ̀, kó lè mọ̀ pé ó ní ìyá.

Kí Ọlọ́run jẹ́ kí ọmú rẹ kún. Kí ó fún ọwọ́ rẹ tó ṣẹ̀jẹ̀ nítorí ọmọ mi ní agbára láti gbé ọmọ rẹ. Kí òjò tó bá rọ̀ lé ilé rẹ jẹ́ òjò tí ń mú irúgbìn hù. Kí Olúmidé àti Títíladé sin ọ́, kí ìwọ má sin wọ́n. Nígbà tí o bá fèsì, jọ̀wọ́ kọ “Ìyá Péjú” sí ẹ̀yìn ìwé náà gàdàgbà, kí ẹni tó bá mú un wá lè pè é sókè.

Èmi ni, Àìná,
ìkejì rẹ, Ìyá Péjú.

Àfikún: Benedict ni yóò mú ìwé yìí wá pẹ̀lú pupuru díẹ̀ àti kẹ́ẹ̀gì epo kan. Epo náà pupa dáadáa, kò ní fún ọ lọ́fun. Bí mo ṣe ń parí lẹ́tà yìí ni Ògúnṣínà ti oko dé. Ó bi mí pé ta ni mò ń kọ̀wé sí. Mo sọ fún un. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú àdá lọ́wọ́ títí mo fi rò pé yóò bínú. Ó ní, “Ṣé o kí Oyèkànmí?” Mo ní mi ò tíì kí i. Ó kọjá lọ wẹ̀. Nítorí náà, bá wa kí Oyèkànmí.